Bí Alága Ṣe Kun Ògiri Ìtàn

Ọ̀rọ̀ Olóyè Richard Fọláránmi kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dúró sọ. Ẹ fa àga. Kí n tó ka oyè ọkùnrin náà tán, ẹsẹ̀ á ti máa ro yín.

Òun ni Alága Àgbà, Aṣíwájú Pátápátá, Olùṣọ́ Ìtàn àti Òpómúléró Ẹgbẹ́ Olùtọ́jú Ìtàn Festac àti Amúwò-Ọ̀dọ̀fin. Tí ẹ bá pè é ní “Alága” lásán, kò ní gbọ́. Tí ẹ bá pè é ní “Alága Àgbà”, á yí ọrùn díẹ̀. Àfi tí ẹ bá ka gbogbo ẹ̀ tán láìmí ló tó máa dáhùn pé, “Ẹ̀ẹ́n, ta nìyẹn?” Òun kọ́ ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ o. Àwọn mẹ́ta tó dá a sílẹ̀ ti lọ síbi tí àgbà ń rè, òkú kì í sì í kọ lẹ́tà àtakò. Bí Alága ṣe di olùdásílẹ̀ nìyẹn.

Ẹ mọ̀ pé Festac kún fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìntì. Iṣẹ́ ti fi wọ́n sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ò tíì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ yìí, lẹ́fẹ́lì tí kálukú wà lọ́jọ́ tí ìjọba ní kó máa lọ sílé ni wọ́n fi ń jókòó. Lẹ́fẹ́lì kẹrìndínlógún wà níwájú lábẹ́ fáànù. Kẹrìnlá tẹ̀ lé e. Kejìlá wà lẹ́yìn, níbi tí atẹ́gùn máa ń dé nígbà tó bá rántí. Bí wọ́n ṣe ń jókòó náà ni wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, ẹni ìsàlẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ta ko ẹni òkè. Ẹni tí kò bá tó lẹ́fẹ́lì kẹjọ kò gbọ́dọ̀ nawọ́ rárá, àfi kó kọ mẹ́mò, kí mẹ́mò náà máa gòkè láti ọwọ́ dé ọwọ́. Mẹ́mò kan wà nípa òrùlé tó ń jò. Ọdún kẹta rẹ̀ rèé lójú ọ̀nà. Òjò ti dé ọ̀dọ̀ Alága ṣáájú rẹ̀.

Alága fúnra rẹ̀, kẹrìndínlógún ni. Ó ní díẹ̀ báyìí ló kù kóun di kẹtàdínlógún, pé àwọn ọ̀tá ló wà nídìí ẹ̀. Òun nìkan ló wà nípò yẹn nínú ẹgbẹ́, torí náà fáànù náà, tiẹ̀ nìkan ni.

Gbọ̀ngàn tí wọ́n ń lò wà ní Áfẹ́núù Kẹrin. Lọ́sàn-án, àwọn ọmọ ilé ìwé ń kàwé níbẹ̀. Ní Sátidé, ẹgbẹ́ ń gba fọ́tò àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò, wọ́n á kọ orúkọ ẹni tó wà nínú ẹ̀ sẹ́yìn kó tó di pé ẹni tó mọ̀ ọ́n kú. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, wọ́n á kó àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rìn káàkiri Festac láti fi ibi ìtàn hàn wọ́n. Ìrìn náà kì í gùn mọ́ látìgbà tí Alága ti gorí oyè, torí iwájú ilé tiẹ̀ ni wọ́n ti máa ń lo wákàtí kan àtààbọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí gbọ̀ngàn yìí yàtọ̀ ni ògiri kan. Lọ́dún 1977, nígbà tí àlejò wá síbi àjọ̀dún Festac láti gbogbo ibi tí èèyàn dúdú wà láyé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, àwọn oníjó àtàwọn olórin mú ọ̀dà elépo tí wọ́n fi ń kọ nọ́ńbà sára ilé, wọ́n kọ orúkọ wọn sí ògiri náà látòkè délẹ̀. Ẹni Màlí kọ tiẹ̀, ẹni Jàmáíkà kọ tiẹ̀, ẹnìkan ya ẹja tó dé fìlà, kò sì sẹ́ni tó mọ ìdí ẹ̀ títí dòní.

Nísàlẹ̀ ògiri ọ̀hún, kọ́bọ́ọ̀dù ńlá tí ẹgbẹ́ ń kó fáìlì sí ti bo apá kan láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Orúkọ kan ṣoṣo ló yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù náà: RICHARD.

Ẹ̀yin náà ti mọ ibi tí mò ń lọ. Lọ́jọ́ kan, ọmọ rédíò kan wá, ó nawọ́ sí orúkọ yẹn, ó ní, “Sà, ṣé ẹ̀yin rèé?” Alága kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó kàn rẹ́rìn-ín ni. Ẹ̀rín náà di ìtàn. Lọ́dún àkọ́kọ́, ó ní òun wà lára àwọn tó ń mú àlejò wọlé. Lọ́dún kejì, òun ló wà nídìí géètì. Nígbà tó fi máa di ọdún karùn-ún, òun nìkan ló gba gbogbo ayé lálejò, ó ku díẹ̀ kó ní òun ló bí wọn.

Ẹnìkan wà nínú gbọ̀ngàn tó mọ Richard tòótọ́. Màmá Beatrice ni, ará Kuje-Amúwò, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Lọ́dún 1977, ó wà lára àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n gbà fún oṣù mélòó kan láti máa se oúnjẹ níbẹ̀. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Jayéọlá àti Richard tó ń fọ àwo kọ orúkọ tiwọn náà sísàlẹ̀. Jayéọlá kò pẹ́ láyé. Àìsàn mú un lọ lọ́dún kejì, kò bímọ, kò sí fọ́tò rẹ̀ kankan tó ṣẹ́ kù. Ibi méjì péré ló kù tí Jayéọlá wà láyé yìí, ọkàn Màmá Beatrice àti ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Ìdí nìyẹn tí Màmá fi ń wá ní gbogbo Sátidé, tó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù náà. Wọn kì í jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ìjọba kò fún un ní lẹ́fẹ́lì kankan rí.

Ẹ̀ẹ̀kan ló ti sọ fún Àdúràolúwa, akọ̀wé ẹgbẹ́, pé orúkọ wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ọmọbìnrin tí wọ́n bí sí Festac ni, ó ń ṣiṣẹ́ báǹkì ní Àpápá, ó sì ti fi ọdún méjì da orúkọ tó wà lókè ògiri kọ sínú ìwé. Ó kọ mẹ́mò pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n sún kọ́bọ́ọ̀dù. Alága kọ ọ́ sí i lára pé, “Ẹ máa fi ojú sí i.” Wọ́n wá fi mẹ́mò náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Báyìí ni ọ̀ràn wà nígbà tí ilé-iṣẹ́ akọ́lé kan fẹ́ wó gbọ̀ngàn náà láti fi ibẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Àjọ kan tó ń mójú tó ilé àtijọ́ máa wá wò ó. Tí wọ́n bá rí i pé ohun ìtàn wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní lè fọwọ́ kàn án. Tí wọn ò bá rí nǹkan kan, katakata á dé lọ́sẹ̀ kejì. Lẹ́tà wọn dé, Alága sì pe ìpàdé pàjáwìrì.

Ó dìde, ó tún agbádá ṣe lápá ọ̀tún, ó tún un ṣe lápá òsì, ó wú ikọ́ tí kò wú u.

“Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ìrìn àjò àìkú!” ló fi bẹ̀rẹ̀. “Nígbà tí ìtàn bá jókòó láti kọ ìtàn àwọn tó tọ́jú ìtàn, orúkọ ta ni ìtàn máa kọ́kọ́ kọ?”

“Tiyín ni, sà!” Dennis lọgun láti ìlà kejìlá. Dennis ni alukoro ẹgbẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbà á pé òótọ́ ni.

“Mi ò bi ọ́, Dennis. Ìbéèrè tí kì í gba èsì ni.”

“Ó gbà á, sà, torí pé èsì ẹ̀ hàn kedere!”

Alága mi orí bí ẹni tí ògo ń yọ lẹ́nu. Ó ní kí Àdúràolúwa ka lẹ́tà. Lẹ́tà náà kò gùn. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Túsìdeè, ògiri làwọn fẹ́ rí, kí wọ́n jọ̀wọ́ fi ohun gbogbo sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà.

“Ẹ gbọ́ nǹkan,” Alága rẹ́rìn-ín. “Ẹ gbọ́ bí ọmọlúwàbí ṣe ń sọ̀rọ̀! Tí àlejò bá wọlé yín, tó ní, ‘Ẹ má ṣèyọnu o, omi lásán ti tó,’ ṣé omi lásán lẹ máa gbé fún un?”

“Rárá o!” gbogbo ilé dáhùn.

“Ẹ ò ní wá ẹran sí i?”

“A ó wá ẹran!”

“Ó dáa. ‘Ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà’ tí wọ́n kọ yìí, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé kí ojú má tì wá. Ní mínísírì tí mo ti ṣiṣẹ́, kí mínísítà tó dé, a máa ń kun òkúta ẹ̀bá títì ní funfun. A máa ń kun ìdí igi. Lọ́dún kan, a kun igi máńgòrò dé ibi èso! Mínísítà bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, ó wo máńgòrò, kò lè sọ̀rọ̀.”

“Ìyanu ni, sà!” Dennis ń nu ojú.

Bí wọ́n ṣe fẹnu kò nìyẹn. Kí wọ́n lẹ táìlì sílẹ̀, torí sìmẹ́ńtì ibẹ̀ ti gbó. Kí wọ́n yọ fèrèsé onígíláàsì pẹlẹbẹ ti 1977, kí wọ́n fi èyí tó ń dán sí i. Kí wọ́n fi irin fọ ìkòkò ńlá tí wọ́n fi se oúnjẹ fáwọn àlejò ìgbà náà, kí wọ́n fọ̀ ọ́ títí á fi dà bí èyí tí wọ́n rà lánàá. Kí wọ́n sì kun ògiri náà ní funfun.

Àdúràolúwa dìde. Òṣìṣẹ́ báǹkì ni, kò ní lẹ́fẹ́lì ìjọba, ṣùgbọ́n nítorí pé òun ló ń kọ mínítì, wọ́n máa ń jẹ́ kó béèrè ọ̀rọ̀ tí kò bá yé e.

“Alága Àgbà, ẹ forí jì mí. Ògiri yẹn gan-an ni wọ́n ń bọ̀ wá wò.”

“Ṣé mo ní ká wó o ni, ọmọ mi? A fẹ́ bá wọn wẹ̀ ẹ́ ni.”

“Orúkọ tó wà lára ẹ̀ ńkọ́, sà?”

“Ìdọ̀tí ọdún méjìdínláàádọ́ta lo ń pè ní orúkọ?”

“Orúkọ tiyín náà wà níbẹ̀, sà.”

Alága wo ògiri. Ó wo RICHARD. Kò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ wá wo orí pípé: kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi rí ojútùú.

“Èyí tó ṣe pàtàkì á dúró,” ló wí. “Kí wọ́n fi férémù aláwọ̀ wúrà yí i ká, kí wọ́n sì kun ìyókù. Ojú àlejò kò gbọ́dọ̀ máa rìn káàkiri.”

Nígbà náà ni Màmá Beatrice nawọ́ sókè láti orí bẹ́ǹṣì.

“Màmá, lẹ́fẹ́lì wo lẹ wà?”

“Ẹ jọ̀ọ́, Alága, ọ̀rọ̀ kékeré kan ni. Lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù yìí...”

“Mo ní lẹ́fẹ́lì wo?”

“Mi ò ní lẹ́fẹ́lì, sà. Oúnjẹ ni mo sè.”

“Ẹ kọ mẹ́mò, Màmá. Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà ìparí.”

Wọ́n gbàdúrà lórúkọ Jésù, gbogbo ilé sì ṣe àmín. Màmá nìkan ni kò tètè ṣe é. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè.

Ìsmáílà akunlé ni wọ́n gbé iṣẹ́ ọ̀dà fún. Báàkẹ́tì ọ̀dà mẹ́rin ni wọ́n ní kó lò. Ọ̀kan ló rà. Ó bu omi sí i títí tó fi di mẹ́rin. Ẹ má tíì bú u o, ẹ fara balẹ̀. Wọ́n sún kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì rí i pé ọ̀rinrin ti wú ògiri lẹ́yìn ẹ̀. Ó fi sáńpépà ha ibẹ̀ díẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́, ó bá fi sílẹ̀, ó gbé búrọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí Màmá Beatrice fi máa dé lọ́sàn-án Fúráìdè, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ògiri funfun gbòò látòkè délẹ̀, RICHARD nìkan ló wà nínú férémù wúrà. Màmá dúró. Àpò ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Kò gbé e.

Alága wà níbẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ nu táìlì. Ó rí ìyá náà tó ń wo ògiri. Ó yíjú sí Dennis, ó ní, “Ṣé o rí ohun tí ẹwà lè ṣe fún ọmọ aráyé? Màmá ò lè sọ̀rọ̀.”

“Bíi ti mínísítà lójọ́sí, sà,” Dennis dáhùn.

Ọjọ́ Túsìdeè pé. Àwọn ọmọ ilé ìwé kọrin ìkíni káàbọ̀. Alága wọ agbádá tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ló fi gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Àlejò mẹ́ta ló dé. Ọ̀gá wọn ni Dókítà Ọlákìtán, obìnrin kúkúrú kan tó wọ bàtà pẹlẹbẹ, tó mú ìwé kékeré kan dání. Alága ti wò ó ní àwòtúnwò, ó ń wá ibi tí ọkùnrin tó jẹ́ ọ̀gá wà. Nígbà tí kò rí i, ó kí obìnrin náà.

Ìkíni náà gba ogún ìṣẹ́jú. Ó kí i lórúkọ Festac, ó kí i lórúkọ Amúwò, ó kí i lórúkọ Satellite Town tí ẹnikẹ́ni kò rán an níṣẹ́. Dókítà náà ní ẹ̀kọ́ ilé, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó dúpẹ́. Ó wo táìlì. Ó wo fèrèsé. Ó wo ìkòkò tó ń dán gbinrin. Ojú rẹ̀ ń yí padà díẹ̀díẹ̀.

“Ẹ jọ̀wọ́, sà,” ó ní, “ògiri náà dà?”

“Òun lẹ dúró níwájú ẹ̀ yìí.”

“Rárá o, sà. Èyí tí wọ́n kọ orúkọ sí.”

“Òun náà ni! A ti bá yín wẹ̀ ẹ́!” Alága nawọ́ sí férémù wúrà. “Ìtàn lẹ wá wá. Òun rèé, ẹyọ kan ṣoṣo, kò ní jẹ́ kí orí fọ́ yín. Èmi nìyẹn.”

“Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?”

“Ọwọ́ mi yìí. Ní 1977, èmi ni Alábòójútó Gbogbogbòò fún Ìgbàlejò. Kò sí ẹni tó jẹun nínú gbọ̀ngàn yìí láìjẹ́ pé mo fọwọ́ sí i.”

Dókítà Ọlákìtán pa ìwé rẹ̀ dé. Kò pariwo, bẹ́ẹ̀ ni kò bínú. Ó kàn ní, “Ẹ má bínú, sà. Ìwé tí mo máa kọ ni pé a ò rí nǹkan kan. A ò lè bá yín dáàbò bo ògiri funfun. Wọ́n máa wó ilé yìí.”

Ilé dàrú. Ẹni tó ń ké ń ké, ẹni tó di orí mú di orí mú. Dennis, tó wọ kóòtù dúdú, jó rẹ̀yìn, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Nígbà tó tún dìde, gbogbo ẹ̀yìn kóòtù náà ti funfun bí ẹni tó sùn sínú gàrí.

Màmá Beatrice rí ẹ̀yìn yẹn.

Kò nawọ́, kò sì bi ẹnikẹ́ni. Ó lọ sẹ́yìn gbọ̀ngàn, ó gbé báàkẹ́tì omi àti kànìnkànìn wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ògiri látòkè ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé.

“Màmá! Ta ló fún yín láyè?” Alága ń jágbe. “Lẹ́fẹ́lì wo...”

Omi funfun ń ṣàn bọ̀ wálẹ̀ lórí táìlì tuntun. Lẹ́tà kan yọ. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ẹni Màlí dé. Àdúràolúwa bọ́ bàtà gíga, ó ṣán aṣọ, ó gun orí àga Alága fúnra rẹ̀, òun náà ń fọ. Jàmáíkà dé. Ẹja náà dé, tòun ti fìlà. Dókítà Ọlákìtán ju ìwé sílẹ̀, ó ká ọwọ́ aṣọ.

“Ìsmáílà!” Alága pariwo. “Irú ọ̀dà wo lo fi kùn ún?”

Ìsmáílà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ẹ ṣàánú mi, Alága Àgbà. Omi inú ẹ̀ ló pọ̀ díẹ̀.”

“Ọlọ́run bù kún omi náà,” Dókítà wí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ sọ òótọ́: ṣé ẹ ti rí ibi tí olè ti ṣe ìlú lóore rí? Ká ní olóòótọ́ ni Ìsmáílà, ṣọ́ọ̀bù ni wọn ì bá máa kọ́ síbẹ̀ lónìí.

Wọ́n fọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀. Dókítà tẹ̀ ba, ó yọ férémù wúrà, ó ń ka ohun tó wà níbẹ̀. “Richard,” ó ní. “Ibi tó tẹ̀ lé e yìí kò hàn. Lẹ́yìn náà, Beatrice. Ará kíṣíìnì, 1977.” Ó gbójú sókè. “Sà, ṣé kíṣíìnì lẹ wà?”

Wàhálà rèé. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, òun pẹ̀lú ẹni tí kò ní lẹ́fẹ́lì ti di ẹgbẹ́. Tó bá ní rárá, irọ́ ló ń pa látọjọ́ yìí. Ẹ wo bí òógùn ṣe ń sọ̀ lábẹ́ fìlà.

“Ní ọ̀nà kan,” Alága dáhùn, “a lè sọ pé mo ń bójú tó kíṣíìnì láti òkè.”

“Alága,” Màmá Beatrice wí láìyíjú, “Richard tó kọ ìyẹn, ọmọ Bàdágírì ni. Òun ló ń fọ àwo. Ó máa ń fi súfèé pè wá tí ọ̀gá bá ń bọ̀. Ó ti kú, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere.”

“Ibo wá ni Alága wà ní 1977?” Dókítà béèrè.

Láti ìlà kẹrìnlá, Bàbá Ṣínà, tó máa ń sùn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé dé ìparí, la ojú. “Sókótó la jọ wà,” ó ní. “Lẹ́fẹ́lì kẹrin ni, èmi ni ọ̀gá ẹ̀. Èmi ni mo máa ń rán an lọ ra ẹ̀pà.”

“Bàbá! Kí ló dé tẹ́ ò ti sọ?” Àdúràolúwa béèrè láti orí àga.

“Ṣé òfin kọ́ ni? Kẹrìnlá kì í ta ko kẹrìndínlógún.”

“Èmi ti ń fura tipẹ́,” Dennis wí. Ó sì gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ Alága, bí ẹni tó ń gba ṣíbí lọ́wọ́ ọmọdé.

Bàbá Ṣínà dábàá pé kí Alága máa lọ sinmi. Wọ́n ti àbá náà lẹ́yìn. Gbogbo ọwọ́ lọ sókè, ti àwọn tí kò tó lẹ́fẹ́lì kẹjọ náà sì wà ńbẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, wọn ò yára ṣe ìpinnu tó bẹ́ẹ̀ rí.

“Ilé yìí ò ní wó,” Dókítà Ọlákìtán wí. “Èmi ni mo máa fọwọ́ sí i.”

Ariwo ayọ̀ gba gbọ̀ngàn. Wọ́n ń dì mọ́ra wọn, wọ́n ń yọ̀ ṣubú lórí táìlì tó tutù. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí i pé Màmá Beatrice kò tíì dúró. Ojú kan ṣoṣo ló ń fọ̀, láàárín RICHARD àti BEATRICE. Omi tó ń ṣàn níbẹ̀ ti mọ́ gaara, kò sí ọ̀dà nínú rẹ̀ mọ́, ó ṣì ń fọ̀.

Àdúràolúwa di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Màmá, ó ti tó.”

“Jayéọlá wà níbí,” Màmá ní.

Ìsmáílà kò tíì dìde nílẹ̀. “Màmá, ibẹ̀ ni mo fi sáńpépà ha,” ó wí, ẹkún ti wà lóhùn rẹ̀. “Ó ti wú. Mo rò pé ìdọ̀tí ni.”

Richard Fọláránmi ló kọ́kọ́ rìn síwájú, láìsí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, láìsí Dennis. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: àánú ìyá náà ṣe é. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà mìíràn tó mọ̀ láti fi ṣàánú èèyàn.

“Màmá, ẹ má sunkún. Mo máa jẹ́ kí wọ́n tún un kọ. Lẹ́tà gàgàrà, ọ̀dà tó dáa jù. Èmi fúnra mi máa wá ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ jù ní gbogbo Èkó.”

Màmá Beatrice fún kànìnkànìn gbẹ.

“Jayéọlá ò mọ̀wé, Alága,” ó ní. “Èmi ni mo kọ́ ọ ní orúkọ ẹ̀. Ọ̀sán mẹ́ta ló gbà wá, orí pákó tí a fi ń gé ẹran ni, a ń fi èédú kọ ọ́. Nígbà tó kọ ọ́ sí ògiri yìí tán, ó ní kí n wò ó wò bóyá ó pé. Kò tún kọ nǹkan mìíràn mọ́ títí tó fi kú.”

Alága ṣí fìlà, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì Màmá.